Bí Ọdẹ́sànmí Ṣe Fi Ìmàdò Kan Ra Igbó fún Ládàpọ̀

Ẹ jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ká ẹsẹ̀ kò sọ. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó lọ tọ̀ ọ́ nísinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí bóyá òótọ́ ni, kó kọ́kọ́ wọ igbó náà lọ. Bó bá bọ̀, a ó jọ sọ̀rọ̀. Èmi àgbà ọdẹ tí ẹ ń wò yìí, mo ti sọ ìtàn tó mú kí àkùkọ gbàgbé àtikọ. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe ìtàn akọni. Ìtàn ojo ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojo tí mò ń wí yìí dé ibi tí akọni kò dé.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́sànmí. Kì í ṣe ọmọdé, kò sì tíì di arúgbó. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín sí dúdú àti funfun ni. Ó ka ìwé díẹ̀, ìwọ̀nba tí yóò fi dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ lára ògiri. Ọdẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa bà á. Bí ewé bá já, á dúró. Bí ẹyẹ bá dákẹ́, á dúró. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pàápàá, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè bu òun jẹ. Ohun kan ló ń bá ẹ̀rù jà nínú rẹ̀: ó fẹ́ràn àtimọ ìdí nǹkan. Bó bá rí ihò, ẹ̀rù á bà á, ṣùgbọ́n á yọjú wò ó.

Ládàpọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, olórí gbogbo ọdẹ ìlú wọn. Ẹsẹ̀ Ládàpọ̀ yá ju ti ìgalà lọ, títí di ọjọ́ tí igi ńlá wó lu ẹsẹ̀ náà méjèèjì, tí wọ́n ní láti gé wọn kí ó má baà kú. Kò kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé, ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá gbé wá, bó ṣe gbé e wá náà ni yóò gbé e padà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ yá. Làmídì tó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ló gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àlejò kan láti tún un ṣe. Eré ọdẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà: igbó wà nínú eré ọ̀hún, odò wà níbẹ̀, ẹranko wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣeré á sì máa fi ìka darí ọkùnrin kan tó ń rìn nínú igbó náà. Làmídì gbé e wá síwájú Ládàpọ̀ kó fi ṣeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ládàpọ̀ sáré nínú igbó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun. Ṣùgbọ́n ohun olóhun kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Àlejò dé, ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ, Ládàpọ̀ tún kọjú sí ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí, omi nìkan ló ń gbà.

Àwẹ̀ró wá bá Ọdẹ́sànmí. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ yín ń lọ o. Mo ń wò ó, ó ń lọ."

Ni àwọn méjèèjì bá kọrí sí ọ̀dọ̀ Làmídì.

"Bàbá ọdẹ," Làmídì ní, "kọ̀ǹpútà tó lè gbé irú eré yẹn, alágbára ni. Èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé kò lè gbé e. Á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ ni. Bí a bá ní ká ra odindi, ká ta ilé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tó o. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kó ẹ̀yà rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tò ó. Eré náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti dà á kọ. Ara tí yóò gbé e wọ̀ ló kù."

"Níbo ni wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ọ̀hún?"

"Olówó ń rí i lọ́jà. Àwa..." Làmídì yọ ẹnu sí ìhà igbó. "Igbó Ẹ̀yà. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ tó bá kú láyé ń gbà lọ. Àwọn iwin ló ń tà wọ́n. Wọn kì í gba owó."

"Kí ni wọ́n ń gbà?"

"Ẹran."

Ọdẹ́sànmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Síbẹ̀, àwọn ọdẹ ìlú dá ìmàdò kan, yíyan, odindi, wọ́n gbé e sínú agbọ̀n fún un.

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," Làmídì ní. "Gbogbo agbára wa rèé. Bó bá tán kí ẹ̀yà tó pé, ó tán nìyẹn. Ẹ wá ìyá tí gbogbo wọn yóò jókòó lé. Ẹ wá ọpọlọ tí yóò máa ronú. Ẹ wá ojú tí yóò máa ya àwòrán igbó. Ẹ wá àpótí tí a ó kó wọn sí. Ti èémí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èémí máa ń bá àpótí wá ni."

Bí ọkùnrin náà ṣe gbé ẹrù lé orí nìyẹn o. Orúnkún rẹ̀ ń lu ara wọn kọ́kọ́kọ́, ó ṣáà ń lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà Igbó Ẹ̀yà, ajá kan tó tóbi bí akọ màlúù sùn dábùú ọ̀nà. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bí ti àgbà ìjòyè. Òògbé ni wọ́n ń pè é, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣọ́ ibodè, kò tíì lajú wo ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́sànmí gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ kọjá. Èémí ajá ń fẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọkùnrin níbí, ta ni yóò gba ibẹ̀ kọjá nínú yín? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀.

Kò rìn jìnnà tí ohun kan fi pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ni ń tẹ ìka mi?"

Ìyá arúgbó kan ló tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ bí ẹní. Àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, ọ̀nà tín-ín-rín bí ọ̀nà èèrà sì kún gbogbo ara rẹ̀, tí iná kéékèèké ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí wọn.

"Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò rí yín."

"O rí mi. O rò pé ilẹ̀ ni mí ni. Èmi ni ìyá ẹ̀rọ. Orí mi ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Bó o bá fẹ́ gbé mi lọ, gba àlọ́ kan: àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n lẹ́wà, wọ́n gbọ́n, wọ́n gbówó lórí, síbẹ̀ mo tì wọ́n dànù lórí itan mi. Kí ló fà á?"

Ọdẹ́sànmí fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun kan lórí itan ìyá náà, ó sì fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Ó tẹríba. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ni, wọ́n tò létòlétò bí ojú ajere.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti èṣinṣin lọ, "ẹsẹ̀ wọn kò bá ihò itan yín mu."

Ìyá arúgbó bú sẹ́rìn-ín títí iná ara rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń wolẹ̀! Àwọn akọni ti kọjá lórí mi, wọn ò bojú wo itan mi rí. Mo bá ọ lọ."

Ọdẹ́sànmí yọ ìda oyin tó wà nínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan ìyá títí àwòrán ihò náà fi hàn lára ìda. Ó fi itan ìmàdò méjèèjì san án. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ìyá nínú, ó fi ọ̀pá iyè kún un, èyí tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó tún fi àká kún un, èyí tó fi ń tọ́jú ohun tó ti ṣe.

Ìlú tó tẹ̀ lé e ni ìlú àwọn Arojinlẹ̀. Orí tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀ bí ẹyìn tó wà lára ìdì, gbogbo orí ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá onírùngbọ̀n, kí lo rù?"

"Ẹ wo orúnkún rẹ̀! Ó ń jó láìsí onílù!"

"Èyí náà fẹ́ ra ọpọlọ? Ṣé ti inú orí tirẹ̀ ti tán ni?"

Ọ̀kan nínú wọn gbé ọpọlọ ńlá kan jáde, ó ń dán, ó ń gbóná, ohùn orí mẹ́rìndínlógún ń kùn nínú rẹ̀. "Gbé gbogbo agbọ̀n kalẹ̀, kó o gbé èyí." Ó tún gbé kékeré kan, orí mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀. "Kó o tó rà, dáhùn. Ajá mẹ́rìndínlógún lé ehoro kan, ajá mẹ́fà lé òmíràn. Èwo la ó kọ́kọ́ jẹ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo bí iwin ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ wọ inú oko ọdẹ! Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Ọdẹ́sànmí kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Èyí tí ajá rẹ̀ gbọ́ ohùn ara wọn ni. Ajá tó bá pọ̀ ju igbó lọ, ara wọn ni wọ́n ń gé jẹ."

Àwọn orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ta ló mọ ìdáhùn náà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jà, Ọdẹ́sànmí gbé ìda rẹ̀ sí abẹ́ ọpọlọ ńlá: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọlé. Ó gbé e sí abẹ́ kékeré: ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó fi apá ìmàdò lélẹ̀, ó mú kékeré, ó kúrò níbẹ̀ kí ìjà náà tó kàn án.

Ìlú Olójú ló wá kàn. Á à! Mo ti rí ohun tó pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èmi pàápàá ò rí irú rẹ̀. Ojú ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n kó wọn sórí àtẹ, ojú kọ̀ọ̀kan ń tan iná: ó pupa, ó yí padà di àwọ̀ aró, ó yí padà di àwọ̀ òròmọdìyẹ. Abẹ́bẹ̀ ń yí lára wọn fìì-fìì.

"Wá, olówó orí mi!" obìnrin iwin kan ké sí i. "Wo èyí. Òṣùmàrè gan-an ń jowú rẹ̀. Gbé ẹran rẹ tó kù kalẹ̀, kó o máa gbé e lọ."

Ọdẹ́sànmí ti gbé agbọ̀n kalẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò pa á dé. Díẹ̀ ló kù kó sọ pé òun gbà. Ìdí nǹkan tó fẹ́ràn àtimọ̀ ló yọ ọ́.

"Iná yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú ló ń tàn sí ni, àbí ìta?"

"Ìta ni, kí àdúgbò lè rí i."

"Ẹni tí mo fẹ́ rà á fún kò fẹ́ kí àdúgbò rí òun. Igbó ló fẹ́ rí." Ó nawọ́ sí abẹ́ àtẹ. "Ìyẹn ńkọ́?"

Ojú àtijọ́ kan ni, eruku bò ó, abẹ́bẹ̀ rẹ̀ ń dún bí ikọ́ arúgbó.

"Ìyẹn? Àwọn iwin kan ló fi wa wúrà nínú afẹ́fẹ́, owó orí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ kì í kàn, títí wúrà fi tán. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Olówó ò rà á."

Ọdẹ́sànmí fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn. "Kí lo rí?" ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ojú náà wúkọ́. "Mo rí ewé," ó ní. "Mo rí ìrì lórí ewé. Mo rí èèrà kan tó ń mu ìrì náà."

Orí ìmàdò àti ìhà rẹ̀ ló fi rà á. "Gbé e, bàbá ahun!" ni obìnrin náà fi sìn ín jáde.

Ọrùn ẹran nìkan ló kù nínú agbọ̀n nígbà tó dé ìlú Eléèémí, níbi tí wọ́n ti ń ta àpótí. Ará ìlú yìí kì í sọ̀rọ̀. Èémí ni ọjà wọn, wọn kì í fi ṣòfò. Ìdákẹ́jẹ́ wọn dẹ́rù ba Ọdẹ́sànmí ju ariwo àwọn tó kù lọ. Ó na ọrùn ẹran sí wọn, wọ́n gbé àpótí irin kan lé e lọ́wọ́, wọ́n tún gbé ohun wúwo kan tí wọ́n fi ewé kókò wé lé e, ọ̀kan nínú wọn sì fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdẹ́sànmí rò pé wọ́n ń kí òun pé ó dàbọ̀ ni. Òun náà lu àyà tirẹ̀. Ó yára jáde.

Nígbà tó padà dé ẹnu ibodè, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nítòsí ajá tó ń sùn, ó tú ewé kókò. Okùn ló rí: okùn pupa, okùn dúdú, okùn òféfèé, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n rọ̀, wọ́n jáde láti inú ohun kan bí àpòlúkù.

"Ìfun rèé," Ọdẹ́sànmí sọ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ inú yín mọ òfin náà. Ibi tí ẹran bá kú sí ni à á ti yọ ìfun rẹ̀, ajá ló ni ín. Ọdẹ kì í ru ìfun wọlé. Ó ń ba ẹran jẹ́, ó sì ń dójú ti ẹni tó rù ú. Láti kékeré ni Ọdẹ́sànmí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì tíì jẹ ajá ní gbèsè ìfun rí. Ó gbé ìdì náà sí ẹnu Òògbé. Ajá náà gbé e mì lójú oorun. Ọkùnrin wa kó ìyókù, ó gba ilé lọ, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ṣe ohun tó tọ́.

Nílé, Làmídì to ìyá sínú àpótí, ó fi ọpọlọ sí itan ìyá, ó fi iyè, àká àti ojú sí àyè wọn. Ó fi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ṣe gíláàsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá ọdẹ, ẹ gbé páwà fún mi."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èémí rẹ̀ ni. Ohun wúwo kan, wáyà pọ̀ lára rẹ̀, tó ń ṣe bí..."

"Bí ìfun," Ọdẹ́sànmí ní. Ó jókòó sílẹ̀. "Làmídì, ajá ti jẹ ẹ́."

Láti inú yàrá, Ládàpọ̀ ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ kò jìnnà sí ti òkú. "Ọdẹ́sànmí, má da ara rẹ láàmú mọ́. O ti gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Ọdẹ́sànmí dìde. Kò ní ẹran mọ́, kò ní nǹkan kan tí yóò fi sanwó. Ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló mú dání.

Kò tíì dé ibodè tó fi gbọ́ ọ. Ajá tí kò lajú rí ti lajú. Irun ara rẹ̀ nà ṣánṣán bí ẹ̀gún òòrẹ̀, iná ń ṣẹ́ pẹ́pẹ́ láàrin eyín rẹ̀, inú rẹ̀ ń kùn bí ilé agbọ́n.

"Ìwọ!" ajá náà bú ramúramù. "Ìwọ lo fún mi ní oúnjẹ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn! Mò ń gbọ́ ìrìn èèrà. Mò ń gbọ́ koríko tó ń hù. Àyà rẹ tó ń lù yìí, láti ìdajì ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ọ!"

Ọdẹ́sànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á padà."

"Ó há mi lọ́fun. Àwọn iwin ti ki ọwọ́ bọ ẹnu mi; iná ta wọ́n, wọ́n fà á, ó dùn mí, mo sì gé apá wọn jẹ. Wò wọ́n."

Apá iwin wà nílẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́sànmí ti yí padà sí ọ̀nà ilé, orí rẹ̀ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n orí náà ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, kò sì lè mú ìbéèrè ọ̀hún relé.

"Ẹ gbà mí láàyè. Ṣé gbogbo ìgbà ló ń ta yín ni, àbí ìgbà kan wà tí kì í ta yín?"

Ajá ronú. Kò sẹ́ni tó bi í rí. "Bí mo bá fa èémí sínú ló ń ta mí."

"Ẹ má fà á nígbà náà. Ẹ di èémí mú, títí n ó fi yọ ọ́."

"Ò ń gbọ̀n."

"Mò ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ló wà ní èjìká mi. Mi ò ní òmíràn."

Ajá la ẹnu, ó di èémí mú. Ọdẹ́sànmí ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó tún ti ọwọ́ náà wọlé dé abíyá. Ó bá irin gbígbóná kan pàdé, ó fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó kan ahọ́n kékeré kan tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ó yí i. Kíkùn náà dákẹ́. Ó wá ń yọ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìjẹ́ kí ọ̀kan já. Ẹni tó ti ń yọ ìfun ẹran láti ìgbà èwe kò nílò ojú fún irú iṣẹ́ yẹn. Ó ti ń fa irin náà bọ̀ lẹ́nu nígbà tí oorun gbé ajá lọ, eyín rẹ̀ sì padé wẹ́rẹ́ lórí apá ọkùnrin náà. Kò kígbe. Bó bá kígbe, ajá á jí. Ó ń yọ apá náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, títí apá fi jáde tòun ti páwà.

Nígbà tí Làmídì fi páwà náà sí àyè rẹ̀, tó fà á mọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, abẹ́bẹ̀ ojú àtijọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gíláàsì mọ́lẹ̀. Ẹyẹ kan ké nínú igbó.

Ládàpọ̀ sọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri pé, "Ẹyẹ wo nìyẹn?"

Òun fúnra rẹ̀ ló yí ojú padà.

Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń darí eré sí i lọ́wọ́. Ìgalà kan yọ nínú igbó. "Òun nìyẹn!" Làmídì pariwo. "Bàbá, ẹ yìnbọn!" Ládàpọ̀ kò yìnbọn. Ìgalà lọ. Ó darí ọkùnrin inú igbó náà dé etí odò, ó sì jẹ́ kó wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lára wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó kàn ń rìn ṣáá ni.

Àwẹ̀ró gbé iyán wọlé. "Baálé mi, oúnjẹ rèé."

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀," Ládàpọ̀ ní, kò gbé ojú sókè. "N ó jẹ ẹ́ bí mo bá dé."

Àyà Àwẹ̀ró já. Ó wo Ọdẹ́sànmí. Ọdẹ́sànmí kò lè wò ó padà. Wọ́n dúró. Iyán ń tutù. Ọkùnrin inú igbó la odò kọjá, ó gun òkè kan, ó gba inú koríko gíga, títí ó fi yọ sí ibi tí igi ti tán, tí oòrùn sì tàn sórí pápá. Níbẹ̀ ni Ládàpọ̀ ti sọ ohun ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, tó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ìbọn kúrò ní èjìká.

"Mo ti dé," ó ní. "Omi ìfọwọ́ dà?"

Èmi tí mo ń sọ ọ́ fún yín náà ti dé. Ẹ bu omi fún mi.